Omi ń gba imú wọ ọ̀fun mi lábẹ́ omi, bẹ́ẹ̀ mo sì wọ màsíkì

Ọmọ_Àjàṣẹ́ béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹ̀yin táńtí. Dakar ni mo ti fẹ́ lọ ṣe Nívò 1, ìpele àkọ́kọ́ nínú ẹ̀kọ́ mímòòkùn, odò ìwẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì kan ní Kútọnu ni mo sì ti ń gbára dì báyìí. Mímí nínú détendeur, ohun tí a ń fi sẹ́nu mí afẹ́fẹ́ inú àgbá lábẹ́ omi, kò yọ mí lẹ́nu, jíjìn omi kò sì bà mí lẹ́rù. Imú ni wàhálà mi. Bí olùkọ́ bá ní kí n jẹ́ kí omi kún màsíkì, ohun onídígí tó bo ojú àti imú, kí n sì lé e jáde, omi á gba imú wọ ọ̀fun, á máa ta mí, àyà mi á já, orí omi ni màá sì gbà lọ. Nígbà mìíràn, n kò ṣe nǹkan kan rárá, omi á kàn máa jò wọlé díẹ̀díẹ̀. Ṣé màsíkì ni kò dáa ni, àbí ọwọ́ mi ni àṣìṣe wà? Ẹnìkan ní kí n lọ ra ohun tí wọ́n fi ń há imú pa. Ṣé kí n rà á?

Òmùwẹ̀_Wẹ̀mẹ̀:

Àbúrò, pẹ̀lẹ́. Ọ̀rọ̀ méjì lo so pọ̀, jẹ́ kí a tú wọn. Omi tó wọ inú màsíkì, ọ̀rọ̀ màsíkì ni. Omi tó wọ inú imú, ọ̀rọ̀ èémí ni. Màsíkì lè kún dẹ́nu kí ẹ̀kán omi kan má kan ọ̀fun rẹ, torí omi kì í dédé gun imú. Ó ní láti jẹ́ pé o fà á, tàbí pé o gbé orí sí ibi tí kò yẹ.

Mú igbá, dojú rẹ̀ dé, kí o tì í wọ inú omi tààrà. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kò ní jẹ́ kí omi kún un. Bí ihò imú ṣe rí nìyẹn nígbà tí ojú rẹ bá kọ iwájú tàbí tó tẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀. Tí o bá gbé àgbọ̀n sókè, tàbí tí o fi ẹ̀yìn lélẹ̀, igbá ti yí nìyẹn: afẹ́fẹ́ á jáde, omi á sì gba àyè rẹ̀.

Ohun tó ń ti ọ̀nà imú láti inú ni àfàsé, ẹran rírọ̀ tó wà lẹ́yìn àjà ẹnu. Tó bá gbéra, ọ̀nà imú ti pa, ẹnu nìkan ni èémí ń gbà. Tó bá rọlẹ̀, imú àti ẹnu ti di ọ̀nà kan náà. Àwa tí a ń sọ Yorùbá ti ń lò ó láti kékeré láìmọ̀. Fi ìka méjì fún imú pa, kí o pe "á". Ohùn kò yí padà. Wá pe "án". Ohùn á há, wàá sì gbọ́ gbígbọ̀n rẹ̀ lábẹ́ ìka rẹ. Nígbà "án" ni àfàsé rọlẹ̀. Nígbà "á" ni ó gbéra. Máa pe méjèèjì tẹ̀léra títí wàá fi mọ ibi tí nǹkan ti ń rìn lẹ́yìn ẹnu rẹ. Ipò "á" yẹn ni o fẹ́ máa dì mú lábẹ́ omi.

Nílé, bu omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ sínú bàsíà fífẹ̀. Fi túbà, ọ̀pá tí a fi ń mí nígbà tí ojú wà nínú omi, sẹ́nu, má wọ màsíkì, kí o ri ojú bọ omi títí á fi bo imú àti ẹyinjú. Kọ́kọ́ mí sínú láti ẹnu, mí síta láti imú, kí afẹ́fẹ́ máa hó nínú omi, nǹkan bí ìgbà mẹ́wàá. Ìyẹn ń kọ́ imú pé ìta nìkan ni iṣẹ́ tirẹ̀. Lẹ́yìn náà mí sínú láti ẹnu, mí síta láti ẹnu. Bí afẹ́fẹ́ kankan bá hó láti imú, àfàsé ti rọlẹ̀, tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó bá ti rọrùn, máa pààrọ̀ wọn: èémí kan síta láti ẹnu, ìkejì láti imú. Ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan ti tó. Kí ẹnìkan jókòó tì ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ omi bàsíà.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí omi bá kan imú, pàápàá omi tútù, èémí lè dá dúró fúnra rẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ara ló ń dáàbò bo ẹ̀dọ̀fóró. Má bá a jà, má sì sá jáde. Mí síta díẹ̀, kí o wá fa èémí kékeré láti ẹnu, á tú sílẹ̀.

Kétu_Abẹ́Omi:

Bí ẹ̀gbọ́n ṣe wí ló rí, ṣùgbọ́n kí àbúrò má gbé ìdajì rẹ̀ lọ. Ẹni tó ti ń lúwẹ̀ẹ́ tẹ́lẹ̀ ti kọ́ láti máa mí síta láti imú. Tó bá gbé àṣà yẹn wọ inú màsíkì, gbogbo èémí tó gba imú jáde á máa gbé etí rọ́bà kúrò lára awọ ojú. Afẹ́fẹ́ á gba òkè jáde, omi á gba ìsàlẹ̀ wọlé, ooru èémí á sì bo dígí. Ọ̀pọ̀ màsíkì tí wọ́n ń dá lẹ́bi, kò sí ohun tó ṣe wọ́n. Sọ fún ẹnìkejì rẹ tí ẹ jọ wà lábẹ́ omi kó wò ọ́: bó bá rí i tí afẹ́fẹ́ ń jáde ní ẹ̀gbẹ́ iwájú orí rẹ dípò ẹ̀gbẹ́ détendeur, o ti rí ìdí jíjò náà.

Ẹnu sínú, ẹnu síta. Iṣẹ́ méjì péré ni ti imú lábẹ́ omi: láti lé omi kúrò nínú màsíkì, àti láti fi afẹ́fẹ́ díẹ̀ kún màsíkì bí o ṣe ń sọ̀kalẹ̀.

Ìkejì yìí náà ni kò fi yẹ kí o ra ohun tí wọ́n fi ń há imú. Má rà á. Lórí omi, ìfúnpá, ìyẹn agbára tí ń tẹ ara, jẹ́ bar 1. Ní mítà 10 ó di 2, ní mítà 20 ó di 3. Afẹ́fẹ́ tó kún màsíkì lórí omi á sún kì dé ìdajì ní mítà 10, màsíkì á sì máa fa ojú rẹ mọ́ra. Bí imú bá wà ní híhá, kò sí bí o ṣe máa dá afẹ́fẹ́ náà padà. Ẹyinjú á pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, abẹ́ ojú á wú. Ìdí kan náà ni a kì í fi í wọ gíláàsì àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́ sọ̀kalẹ̀: imú kò sí nínú rẹ̀. Mítà 10 àkọ́kọ́ ni ìyípadà ti pọ̀ jù, nítorí náà láti mítà kan sí méjì ni kí o ti máa mí díẹ̀ síta láti imú. Díẹ̀ ni mo wí.

Táńtí_Màsíkì:

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti màsíkì fúnra rẹ̀, torí owó púpọ̀ ló ń ṣòfò níbẹ̀.

Ọmọ mi, kí o tó san owó, yí okùn rẹ̀ síwájú dígí kó má dí ọ lọ́wọ́. Fi túbà sẹ́nu, torí ẹ̀rẹ̀kẹ́ máa ń yí padà tí nǹkan bá wà lẹ́nu, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń tàn jẹ ní ṣọ́ọ̀bù. Gbé màsíkì lé ojú láìdè é, fa èémí bíńtín láti imú, dì í mú, kí o ju ọwọ́ sílẹ̀ kí o sì wo ilẹ̀. Èyí tó bá ojú rẹ mu á lẹ̀ mọ́ ọn. Tó bá jẹ́ pé ṣe ni o ń fà á léraléra kó má bàa já bọ́, dá a padà, bó ti wù kó lẹ́wà tó. Kí imú má kan férémù. Kí ìka méjì sì ráyè fún imú pa láti ìta, torí ìyẹn lo máa fi ṣí etí bí omi bá ń tẹ̀ ẹ́ nígbà tí o ń sọ̀kalẹ̀.

Irun wá. Irun kan ṣoṣo lábẹ́ etí silicone, rọ́bà rírọ̀ tó kan awọ ojú, ti tó láti fa omi wọlé, áḿbọ̀sìbọ́sí irun dídì tó sún mọ́ ẹ̀bátí. Kó gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn kí màsíkì tó kan ojú, kí o wá fi ìka tọ etí rẹ̀ yípo láti iwájú orí dé abẹ́ imú. Bí irun bá ga lẹ́yìn, okùn rọ́bà lásán á máa yọ̀. Okùn tí a fi aṣọ neoprene bò dára jù fún irun wa. Ibi tí agbárí ti yọ síta jù lẹ́yìn, lókè etí díẹ̀, ni kó wà, kì í ṣe ní ọrùn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bo orí wọ omi, etí aṣọ kò gbọdọ̀ sí lábẹ́ silicone: awọ ojú ni kí màsíkì kọ́kọ́ kàn, kí etí ìborí wá bọ́ sórí rẹ̀.

Ọkùnrin tó ní irun lórí ètè òkè, fá ìlà tín-ín-rín lábẹ́ ihò imú. Ìwọ̀n mìlímítà díẹ̀ ti tó kí silicone rí awọ dì mú. Ẹ̀rín náà ń jẹ́ kó jò, torí ẹ̀rẹ̀kẹ́ máa ń ká.

Má sì fún okùn le! Ọ̀pọ̀ ló rò pé bó bá ń jò, kí a túbọ̀ fà á. Fífún ún le ló ń ká etí silicone po, tí ọ̀nà omi á wá fẹ̀ sí i. Ìfúnpá omi fúnra rẹ̀ ló ń di màsíkì mọ́ ojú. Iṣẹ́ okùn ni kó má jẹ́ kó sọnù. Tí o bá bọ́ ọ tí àmì rẹ̀ sì wà lójú rẹ títí di alẹ́, o ti fún un jù.

Bí tìrẹ bá jẹ́ èyí tó ní ihò kékeré nísàlẹ̀ imú, tí rọ́bà pẹlẹbẹ bò, tí omi ń gbà jáde tí kò lè gbà wọlé, ibẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Hóró yanrìn kan lábẹ́ rọ́bà náà ti tó kó máa jò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Fi omi mímọ́ ṣàn án. Tó bá ti ká tàbí tó ti ya, pààrọ̀ rẹ̀.

Ọmọ_Àjàṣẹ́:

Ẹ ṣeun gan-an, táńtí. Okùn tèmi le lóòótọ́. Ṣé mo lè fi òrí pa etí silicone náà kó lè lẹ̀ mọ́ ojú?

Táńtí_Màsíkì:

Rárá o. Òrí, àdí, vaseline, má fi ìkankan. Wọn á jẹ́ kó máa yọ̀ lójú, wọn á sì bo dígí. Ohun tó burú jù ni pé òróró kò gbọdọ̀ sí nítòsí ohun èlò tí ń gbé afẹ́fẹ́ tí a fi ọ́síjìn kún, torí iná lè sọ níbẹ̀. Bí irun ètè bá pọn dandan, silicone grease bíńtín ni wọ́n ń lò.

Fún kùrukùru orí dígí, bí màsíkì bá jẹ́ tuntun tí dígí rẹ̀ sì jẹ́ dígí gidi tí wọn kò fi nǹkan kùn, fi ọṣẹ eyín funfun pa inú rẹ̀ kí o sì ṣàn án, lẹ́ẹ̀mélòó kan. Lẹ́yìn ìyẹn, itọ́ lásán ti tó kí o tó wọlé. Ẹni tí dígí rẹ̀ mọ́ kò ní máa bu omi sínú màsíkì ní gbogbo ìgbà láti fi fọ̀ ọ́.

Òmùwẹ̀_Wẹ̀mẹ̀:

Ó ku bí a ṣe ń lé omi náà jáde. Ìtẹ̀léra rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀, àbúrò, nítorí náà kà á dáadáa.

1. Kọ ojú síwájú, kí àgbọ̀n sún mọ́ àyà díẹ̀. Mí sínú jìnnà láti ẹnu.
2. Fi ìka tẹ òkè férémù mọ́ iwájú orí. Má tẹ ìsàlẹ̀.
3. Bẹ̀rẹ̀ sí í mí síta láti imú, jẹ́jẹ́, láìdánudúró.
4. Ìgbà tí èémí bá ti ń jáde ni kí o tó rọra gbé ojú sókè. Afẹ́fẹ́ á kó jọ sókè, á ti omi sísàlẹ̀, omi á gba abẹ́ imú jáde.
5. Kí èémí tó tán, dá ojú padà síwájú.

Bí omi bá kù, dúró bẹ́ẹ̀, fa èémí láti ẹnu, kí o tún un ṣe. Kò sí ẹ̀bùn fún ẹni tó fi èémí kan ṣe é.

Láti inú ohun tí o kọ, ìkẹta àti ìkẹrin ni o ń gbé síra wọn. O ń gbé ojú sókè kí èémí tó máa jáde, omi tó wà nínú màsíkì á sì ṣàn tààrà wọ ihò imú tó ṣí sílẹ̀. Àṣìṣe kejì ni fífẹ́ ẹ pẹ̀lú agbára bí ẹni ń fun ikun: afẹ́fẹ́ á gba ẹ̀gbẹ́ sá lọ, omi á dúró síbẹ̀. Èémí náà yẹ kó gba nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin sí mẹ́fà. Ẹni tí màsíkì rẹ̀ ní ihò tí táńtí sọ, kí ó má wo òkè. Kí ó tẹ ojú sílẹ̀ díẹ̀ kí ihò náà lè wà nísàlẹ̀ pátá.

Má bẹ̀rẹ̀ láti orí màsíkì tó kún. Kúnlẹ̀ níbi tí omi kò ti jìn, fa òkè màsíkì díẹ̀ kí omi wọlé dé abẹ́ imú nìkan, kí o lé e. Lẹ́yìn náà dé ìdajì. Lẹ́yìn náà bo ojú. Nígbà tó bá ti rọrùn, jẹ́ kó kún, kí o sì dúró kí o mí ní ìgbà márùn-ún láti ẹnu kí o tó lé e, kí ara lè mọ̀ pé kò sí ohun tó ń lépa rẹ̀. Ìparí rẹ̀ ni kí o bọ́ màsíkì pátá, kí o máa mí fún odindi ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó fi lẹ́ńsì sínú ẹyinjú, kí ó di ojú pa kí omi má gbé e lọ.

Kétu_Abẹ́Omi:

Jọ̀wọ́, jẹ́ kí a sọ èyí tó ń pa ènìyàn. Omi imú kì í sábà pani; sísáré gòkè ló léwu. Afẹ́fẹ́ tí o mí sínú láti inú àgbá ní mítà 10 máa ń di ìlọ́po méjì tó bá dé orí omi. Tí o bá sé èémí, ẹ̀dọ̀fóró lè fàya, afẹ́fẹ́ á sì gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ. Kò dìgbà tí ó bá jìn: láti mítà méjì péré nínú odò ìwẹ̀, ó lè ṣẹlẹ̀. Ìwọ tó ní orí omi ni o ń gbà lọ, fi ọkàn sí i. Òun ló yẹ kí o kọ́kọ́ jáwọ́ nínú rẹ̀, kódà ṣáájú ọ̀rọ̀ imú.

Bí omi bá ti kan ọ̀fun, má yọ détendeur. Fi ọwọ́ kan dì í mú sẹ́nu, kí o wúkọ́ sínú rẹ̀ bó bá ṣe wù ọ́. Ibi tí èémí ń gbà jáde ni ikọ́ àti omi náà máa gbà. Gbé omi tó kù mì. Lẹ́yìn náà gbé orí ahọ́n kan àjà ẹnu kí o fa èémí díẹ̀díẹ̀ yí i ká, kí ẹ̀kán omi tó kù nínú détendeur lè bá ahọ́n pàdé dípò ọ̀fun. Fi ọwọ́ kejì di ẹnìkejì rẹ tàbí olùkọ́ mú. Bó bá di dandan kí ẹ gòkè, ẹ jọ lọ ni, pẹ̀lú èémí tó ń jáde, kó má sì ju mítà 9 sí 10 lọ ní ìṣẹ́jú kan.

Àdùkẹ́_Ìdí_Ògiri:

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, àwa tó wà ní òkè níbí tí kò sí odò ìwẹ̀ ńkọ́? Ṣé a lè fi odò Ọ̀pàrà tàbí ọ̀sà Àjàṣẹ́ kọ́ bíbọ́ màsíkì yìí?

Nọ́ọ̀sì_Ṣábẹ:

Ẹ má ṣe é níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Omi tó máa gba imú wọlé ni à ń sọ yìí. Nínú omi odò tó móoru, kòkòrò kan wà tí a kò lè fi ojú rí, Naegleria fowleri, tó ń gba imú dé ọpọlọ. Kò wọ́pọ̀ rárá, àmọ́ ẹni tó bá mú kì í sábà yè. Kì í ṣe nípa mímu omi ló ń wọlé, kò sì sí nínú omi òkun. Ẹni tí omi odò bá wọ imú rẹ̀, tí orí fífọ́ líle, ibà, èébì àti ọrùn gígan wá tẹ̀ lé e láàárín nǹkan bí ọjọ́ 12, kí ó lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, kí ó sì sọ pé omi wọ òun nímú. Àrùn àtọ̀sí ajá tún wà nínú omi tó dúró sójú kan. Ti ọ̀sà, omi rẹ̀ dọ̀tí, kò sì mọ́ débi tí ẹnìkan á rí ọ tí wàhálà bá dé. Bàsíà pẹ̀lú túbà ti tó fún yín ní òkè títí ẹ ó fi dé odò ìwẹ̀. Omi tí a sè tó tútù ni kí ẹ bù sínú rẹ̀.

Lẹ́yìn ìmòòkùn, má fun ikun pẹ̀lú agbára. Tẹ orí ba, yí i sọ́tùn-ún àti sósì kí omi tó há nínú ihò egungun ojú lè ṣàn jáde. Ó lè pẹ́ wákàtí mélòó kan kó tó dédé dà sílẹ̀ nígbà tí o bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kò léwu. Fun ihò imú kan lẹ́ẹ̀kan, jẹ́jẹ́.

Bí imú bá ń ta ọ́ síbẹ̀, sè omi lítà kan kó hó fún ìṣẹ́jú kan gbáko, jẹ́ kó tutù, kí o po iyọ̀ gíráàmù 9 mọ́ ọn, èyí tó tó ṣíbí tíì kan àti ààbọ̀ tí a gé ojú rẹ̀ dọ́gba. Ìwọ̀n iyọ̀ inú ara nìyẹn, ìdí nìyí tí kò fi ní ta ọ́. Omi lásán kò ní iyọ̀ tó o, omi òkun sì ní tó ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀, ni àwọn méjèèjì fi ń ta imú. Fi fọ imú, kí o da èyí tó bá kù lẹ́yìn ọjọ́ kan nù.

Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tó pò mọ́ ikun nínú màsíkì, ihò egungun ojú tí kò ṣí dáadáa ló sábà ń fà á. Sinmi títí á fi mọ́. Má fi ọ̀fìnkìn wọ omi, àgàgà ní àsìkò ọyẹ́. Má sì gbé oògùn tí ń ṣí imú mì kí o lè fi sọ̀kalẹ̀: agbára rẹ̀ lè tán nígbà tí o wà nísàlẹ̀, afẹ́fẹ́ á wá há sínú bí o ṣe ń gòkè. Ẹni tí omi bá wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, tó ń wúkọ́, tó ń gbọ̀n, tí èémí rẹ̀ kúrú lẹ́yìn wákàtí díẹ̀, kí ó má sùn sílé. Dókítà ló yẹ kó rí i.

Ọmọ_Àjàṣẹ́:

Ọlọ́run á san yín lẹ́san o. Òótọ́ ni, mo máa ń gbé ojú sókè kí n tó mí síta. Ó ku ohun kan: nígbà tí a bá fò sínú omi, ó máa ń gún mi nímú bí abẹ́rẹ́ kí n tó sọ̀kalẹ̀ rárá.

Òmùwẹ̀_Wẹ̀mẹ̀:

Màsíkì rẹ ló ń gbéra bí o ṣe ń kan omi. Ọwọ́ kan ló ń dá a dúró: fi àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún bo détendeur, kí orí àwọn ìka sì tẹ dígí mọ́ ojú. Ọwọ́ òsì wà ní ìgbànú. Wo iwájú, má wo omi, torí ẹni tó bá wo ìsàlẹ̀, dígí rẹ̀ ló máa fi gbá omi. Gbé ẹsẹ̀ ńlá kan síwájú, má fò sókè. Má ṣí ọwọ́ náà títí orí rẹ á fi yọ padà.